Àṣìṣe Ojú Pátákó

Ọjọ́rú, 8 Oṣù Kẹwàá 2025
Kábíyèsí tún ti bẹ̀rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Sàlísù ni mò ń pè bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó ni ilé tí mò ń gbé ní Brampton, ní Kánádà níbí. Wọ́n ní kí n fi JavaScript, èdè kọ̀ǹpútà tí mò ń kọ́, sílẹ̀, kí n lọ kọ́ PSW, iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà. "Hikmat, gbogbo èèyàn ló ń ṣe é, you go get work sharp sharp." Iṣẹ́ gidi ni o, mi ò kẹ́gàn rẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe tèmi. Wọ́n ní tí mo bá fi lè fìdí rẹmi nínú ìdánwò JavaScript lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, PSW ló kù. Mo ní ó dáa. Ẹnu mi ló gbà, inú mi kọ̀ ọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 10
Ó yé mi! Nínú bọ́ọ̀sì, bí mo ṣe ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ ní Malton. Kíláàsì, àwòṣe tí a ń kọ sínú JavaScript, dà bíi páànù tí Màámi fi ń ṣe búrẹ́dì. Páànù kì í ṣe búrẹ́dì — "new" ló ń yọ búrẹ́dì jáde. Kíláàsì tún lè bímọ: "extends". Ọmọ á jogún ohun tí òbí ní, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pe òbí, "super()", kó tó lè sọ "this", pé èmi rèé. Mo rẹ́rìn-ín sókè. Ẹni tó jókòó tì mí sún kúrò. Kó máa sún.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11
Olùkọ́ wa — Bàbá Onírùngbọ̀n — kọ "this" ṣáájú "super()" sójú pátákó. Mo rí i. Mo dákẹ́. Ta ló máa sọ fún àgbà láàárín èrò pé ó ṣì í?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14
Ìdánwò. Orí pépà, kò sí kọ̀ǹpútà tó máa kìlọ̀ fún èèyàn. Ìbéèrè yẹn gan-an ló jáde. Mo kọ ọ́ bí Bàbá ṣe kọ ọ́. Mo mọ̀ pé kò tọ́, àmọ́ tí mo bá kọ tèmi, ṣe ni á dà bíi pé mo rí wọn fín.

Òmùgọ̀ ni mí.

Ọjọ́bọ̀, 16
Mo fìdí rẹmi, torí ìdáhùn tó tọ́ ni ilé-ẹ̀kọ́ fi máàkì, kì í ṣe tojú pátákó. Mo lọ bá Bàbá, mo fi fọ́tò pátákó tí mo yà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta hàn wọ́n lórí fóònù. Ojú wọn pọ́n. Wọ́n ní ṣé mo rí i lọ́jọ́ náà? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọ́n ní kí ló wá dé tí mi ò sọ̀rọ̀, tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ fi da àṣìṣe kọ? Ó dùn mí, torí òótọ́ ni. A máa tún ìdánwò náà ṣe lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

Mo délé, Kábíyèsí ti forúkọ mi sílẹ̀ fún PSW. Ìpàdé àkọ́kọ́, Àbámẹ́ta yẹn náà! Wọn ò tilẹ̀ bi mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18
Ìdánwò ni mo lọ. Ojú mi ni Bàbá ti máàkì í. Mo yege! Mo yege!

Ọjọ́ Àìkú, 19
Kábíyèsí pè mí sí pálọ̀, níwájú ìyàwó wọn. Wọ́n ní mo dójú ti àwọn. Mo ní, "Ẹ má bínú, Bọ̀ọ̀dá mi. Mo yege. Mi ò ṣe PSW." Wọ́n ní olórí kunkun ò lè gbé ilé àwọn, kí n wá ibòmíì gbà. Ìyàwó wọn ń bẹ̀ wọ́n. Èmi ò bẹ̀. Mo lọ di ẹrù mi.

Mi ò tíì mọ ibi tí mo máa sùn lọ́la. Iṣẹ́ tí mo máa ṣe, mo mọ̀ ọ́n.