Àga Tí Mo Jókòó Lé Níwájú Àlàájì Láwàlì

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 Oṣù Kẹwàá 2012
Koulouba, nílẹ̀ elédè Faransé. Kíláàsì. A ti ṣe nọ́ọ̀sì láti ọjọ́ Ajé dé Ẹtì, a tún wá jókòó kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹni tí oògùn ò lè wò sàn mọ́. Bàtà Dídún — Madame Monique, olùkọ́ wa, tí gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé — rí mi lánàá ní wọ́ọ̀dù níbi tí mo ti kúnlẹ̀ kí Àlàájì Láwàlì, aláìsàn wa. Ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lójú gbogbo kíláàsì. Nọ́ọ̀sì kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, ó ní. Gbé àga, jókòó, kí ojú ẹ àti ti aláìsàn dọ́gba. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ máa rín in lọ. Àwòrán Ààrẹ ń wò wá lára ògiri. Òun náà ò dìde lórí àga láti kékeré mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9
Ẹ̀yà ara moto ni Àlàájì ń tà ní àdúgbò Dapoya níbí, látìgbà tí wọ́n ti lé wọn ní Gánà. Jẹjẹrẹ ti ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́. Abdoul Razak, ọmọ rẹ̀, ń purọ́ fún un pé ibà pọ́njú ni. Bàbá ní òun fẹ́ ṣe Iléyá nílé, ní Ṣakí. Ọmọ ní d'accord, ó dáa, Bàbá, tí ara yín bá yá. D'accord, d'accord! Bí Bàbá bá kú síbí, síbí ni wọ́n máa sin ín lọ́jọ́ náà. Tó bá máa lọ, ìsinsìnyí tó ṣì lè jókòó nínú ọkọ̀ ni.

Ọjọ́rú, 10
D'accord — orúkọ tí mo sọ Abdoul Razak nìyẹn — ká mi mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ó ní mi ò gbọdọ̀ sọ òótọ́ fún Bàbá. Tí mo bá sọ ọ́, àyà Bàbá á já, èmi ni mo pa á. Mo bi í pé ṣé Bàbá ló ń dáàbò bò ni àbí ojora tiẹ̀. Ó pòṣé. Èmi náà pòṣé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13
Ìdánwò mi, ọjọ́ Ajé. Àlàájì ni wọ́n fún mi, torí èmi nìkan ló gbọ́ Yorùbá. Dókítà ní ẹ̀tọ́ Bàbá ni kó mọ̀, ọmọ ò lè dí i. Kí n sọ òótọ́ fún un lójú Bàtà Dídún. Lórí àga. Tí mo bá kùnà, mo kúrò nínú ẹ̀kọ́ nìyẹn.

Ọjọ́ Ajé, 15
Mo jókòó. Mo na ẹ̀yìn gbọọrọ bí ìyàwó ọ̀gá. Mo ní Àlàájì, àìsàn yìí ò ní lọ, oògùn tó kù ni èyí tí ò ní jẹ́ kó máa dùn yín. Ó wo àga. Ó wò mí. Ó ní, "Ta ni bàbá ẹ?" Ó kọjú sí ògiri.

Bàtà Dídún, tí ò gbọ́ ẹyọ kan nínú ẹ̀, bọ̀ mí lọ́wọ́. Très bien, Rìnsọ́lá! Mo kórìíra rẹ̀. Mo tún kórìíra ara mi tí mo gbà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16
Ó kọ oògùn. Ó ń kérora, ó kọ̀ jálẹ̀. D'accord ń bú mi ní Mòóré, èdè ìlú yìí, kí gbogbo wọ́ọ̀dù lè gbọ́.

Nígbà tó lọ kírun, mo wọlé, mo kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì. Ẹ jọ̀ọ́, Àlàájì, ẹ fọwọ́ wọ́nú. Ó ní ọ̀rọ̀ ikú ò dun òun, àgbàlagbà ń retí ẹ̀. Àga yẹn ló dun òun. Ó ní mo na ẹ̀yìn lórí ẹ̀, mo wá ń kéde ikú fún òun bí ẹni ń pe iye ọjà. Mo gbé oògùn fún un. Ó mu oògùn. Ó ní ṣé òun lè dé Ṣakí. Mo ní tẹ́ ẹ bá lọ lọ́sẹ̀ yìí. Ó ní kí n lọ pe ojo ọmọ yẹn wá.

Ọjọ́bọ̀, 18
Wọ́n gbéra. Mo tún bí wọ́n ṣe ń lo oògùn sọ títí ó fi sú D'accord. Barka kan, kó kàn ní o ṣé, ò jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó ní tí Bàbá bá kú lójú ọ̀nà, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà lọ́rùn mi. Mo ní kó wakọ̀ jẹ́jẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, 21
D'accord ò pè.

Ọjọ́rú, 24
Kò pè. Mo ń bú gbogbo èèyàn nílé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 27
D'accord pè nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì. Ohùn rẹ̀ ti ha. Bàbá rí Iléyá lánàá. Wọ́n gbé e síta kó rí i bí wọ́n ṣe ń pa àgbò. Àárọ̀ yìí ló kú, nínú yàrá rẹ̀. Ó ní Bàbá ní kí òun kí ọmọ tó kúnlẹ̀. Ó pa fóònù láìdágbére.

Mo wọlé. Bàtà Dídún ti gbé àga sáàárín. Ó ní èmi ni mo gba máàkì tó ga jù, kí n wá fi hàn wọ́n bí mo ṣe ṣe é. Ó ní kí Maxime, ẹlẹgbẹ́ wa, sùn sórí bẹ́ǹṣì bí aláìsàn.

Mo gbé àga sápá kan. Mo kúnlẹ̀. Ó ní ṣé mo ti gbàgbé ohun tó kọ́ mi ni. Mo ní rárá, Madame. Ó ní kí n dìde. Ẹkún ń gbọ̀n mí, inú sì ń bí mi. Mi ò dìde.