Ìbátan Wa Tó Wà Nínú Òkun

Ilé wa lẹ́yìn Sábó,
Ògbómọ̀ṣọ́.

Asiyah ọmọ mi, Àdùkẹ́ mi,

Kí àlàáfíà Ọlọ́run máa bá ọ gbé ní Èkó níbẹ̀. Ṣé ara rẹ le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé omi òkun tí ẹ ń wọ̀ nítorí ìwádìí yín kì í mú òtútù bá ọ? Àwa tó wà nílé ń dúpẹ́. Orúnkún ṣì ń dun bàbá rẹ, àmọ́ ẹnu kò dùn ún rárá. Kajú ti ń so, ewúrẹ́ wa bí ìbejì, ọ̀kan nínú wọn sì ti jẹ etí kan lára fìlà abetí-ajá bàbá rẹ.

Grace aránṣọ, aládùúgbò wa, ló ní òun yóò fi fóònù òun ya ìwé yìí ránṣẹ́ sí ọ. Mo jẹ́ kí íńkì rẹ̀ gbẹ dáadáa kí n tó gbé e fún un, kó má baà yí fóònù ọmọ ọlọ́mọ nínú. Mo sì fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀ kí o lè rí ibi kọ èsì sí, torí mo gbọ́ pé gbogbo nǹkan ló wọ́n ní Èkó.

Ọ̀rọ̀ àwọn àna wa ti Ọ̀yọ́ ló jẹ́ kí n kọ̀wé. Bàbá Israfil àfẹ́sọ́nà rẹ, Alhaji Oyèlékè, àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, Alhaja Kúbúrátù, wá wádìí ìdílé wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. O ṣáà mọ̀ pé wọn kì í fẹ́ ọmọ ẹni láìkọ́kọ́ béèrè irú ẹbí tó ti jáde. Alhaja bi mí pé ṣé kò sí wèrè, ṣé kò sí wárápá, ṣé kò sí ìbátan kankan tó yẹ kí àwọn mọ̀ nípa rẹ̀. Mo ní kò sí wèrè, kò sí wárápá, àfi ìbátan kan tí Asiyah ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí fún wa nínú òkun.

Ọmọ mi, ṣé kí n purọ́ ni? Ìwọ lo sọ fún mi lórí fóònù nígbà ààwẹ̀ pé ẹran omi kan wà tí ẹ ń pè ní jẹlifíìṣì, tó rọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò dì, tí kò ní egungun, tí kò ní orí, tí kò ní ọpọlọ, síbẹ̀ tí irú èyí tí ò ń yẹ̀ wò ní ojú mẹ́rìnlélógún ní ìhà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. O ní àṣẹ kan tí ẹ ń pè ní jíìnì ló wà nínú ara rẹ̀ láti kékeré, tó ń sọ fún ara pé kí ojú hù síbí. O ní irú àṣẹ yẹn náà ló hu ojú tèmi àti tìrẹ, àti pé ọ̀dọ̀ baba ńlá kan náà la ti jogún rẹ̀. Bí o ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe sọ ọ́ fún wọn. N kò gbàgbé òkúta wẹ́wẹ́ tó wà nítòsí ojú rẹ̀, tó fi ń mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ pé kì í ṣe òmùgọ̀ pátápátá.

Alhaja gbé kọ́ọ̀pù omi tó fẹ́ mu sílẹ̀. Ó ní, kò lọ́pọlọ kẹ̀? Mo ní rárá, àmọ́ ó ríran. Ó wo Alhaji, Alhaji wo àjà. Bàbá rẹ fẹ́ bá mi tún un ṣe, ó ní kì í ṣe ìdílé tiwa nìkan, Asiyah ní gbogbo ènìyàn ló bá a tan, títí kan àwọn ará Ọ̀yọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Alhaja ní bí àwa bá bá a tan, tí àwọn náà bá bá a tan, a jẹ́ pé ẹbí kan náà ni gbogbo wa, níbo ni wọ́n sì ti ń fi ẹbí fẹ́ ẹbí? Ni wọ́n bá dìde, wọ́n gba Ọ̀yọ́ lọ. Wọn kò fọwọ́ kan iyán tí mo gún.

Inú mi bàjẹ́, Asiyah, mo sunkún. Mo mọ bí o ṣe fẹ́ràn ọmọkùnrin yẹn, èmi náà sì fẹ́ràn rẹ̀. Bàbá rẹ ní kí n ránṣẹ́ tẹ̀ lé wọn pé àwàdà ni mo ṣe, pé kò sí ẹran kankan. Mo kọ̀. Láti ìgbà tí mo ti bí ọ, o kò purọ́ fún mi rí. Bí o bá ní ìbátan wa ni, ìbátan wa ni, a kì í torí pé ará ẹni kò lọ́pọlọ ká ní a kò mọ̀ ọ́n. Bàbá rẹ tilẹ̀ rántí pé bí ẹbí bá ti jìnnà kọjá ìran méje, wọ́n lè fẹ́ra wọn. Bá wa yẹ ìwé yín wò bóyá àwa, ẹran náà àti àwọn ará Ọ̀yọ́ ti kọjá méje. Bó bá jẹ́ mẹ́fà péré, tètè sọ fún mi kí n mọ ẹ̀bẹ̀ tí n óò bẹ̀. Jọ̀ọ́, má fi ọ̀bẹ kan ẹran náà mọ́ níbi iṣẹ́ yín, bó bá sì di dandan, kọ́kọ́ kí i ná.

Ibí ni mo kọ ọ́ dé nígbà tí Israfil wọlé. Bàbá rẹ̀ ló rán an wá láti Ọ̀yọ́. Ó dọ̀bálẹ̀, ó fẹ́ jíṣẹ́, ẹ̀rín kò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Alhaji ní òun ti wádìí ìdílé fún gbogbo àwọn ẹ̀gbọ́n Israfil, kò sí ilé kan tó jẹ́wọ́ olè kan ṣoṣo, lèmọ́mù àti ìjòyè nìkan ni gbogbo wọn ń bí. Ó ní ẹbí tí kò fi ìbátan tí kò lọ́pọlọ pamọ́ fún òun, kí ni wọn yóò tún fi pamọ́? Ó ní ká mú ọjọ́. Alhaja náà ti gbà, ó kàn ní ká má pe ìbátan yẹn wá síbi ìgbéyàwó ni.

Nítorí náà, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ ká fi kun iwájú ilé kí àwọn àna tó padà dé. Jọ̀ọ́, èyí tó mọ́ ni kí o kó fún báǹkì, torí èyí tí o fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ti ya létí kó tó dé ọwọ́ mi.

Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí rẹ sí. Ilé ọkọ yóò tù ọ́, wọn kò ní gbọ́ ohùn ìjà rẹ níbẹ̀, ìwọ náà yóò bí ọmọ tí kò ní purọ́ fún ọ. Àárò rẹ ń sọ mí gan-an. Tètè máa bọ̀ wálé.

Èmi ni ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Ìyá Asiyah.