Ọkọ Mi, Òpìtàn Àdúgbò

Ọjọ́ Ajé, 2 oṣù kẹfà
Onígbàjámọ̀ tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ àdúgbò yà wá. Kò tilẹ̀ jókòó. "Màmá, ẹ kú oríire o! A fẹ́ yẹ́ Bàbá sí lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù yìí. Ìdí kànga la ti máa ṣe é." Ó ní bí kì í bá ṣe ọkọ mi, ta ni ì bá mọ ẹni tó kọ́kọ́ kọ́lé síbí, tàbí àwọn obìnrin tó gbẹ́ kànga? Òótọ́ ni. Látìgbà tí ọkọ mi ti di alága ẹgbẹ́ náà, gbogbo ìrọ̀lẹ́ Àìkú ló ń kó èrò lẹ́yìn, ilé dé ilé, ìtàn dé ìtàn.
Mo dúpẹ́. Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tó lọ tán, mo wọ kíṣìnì, n ò mọ ohun tí mo wá ṣe níbẹ̀.

Ọjọ́rú, 4
Ẹlẹ́nu-Dídùn — orúkọ tí mo sọ ọkọ mi nígbà tí mo wọlé rẹ̀ — wọ ẹ̀wù lódì. Mo bá a tún un wọ̀.  

Ọjọ́ Ẹtì, 6
Ó bi mí pé níbo ni ìyá òun lọ. Ìyá tó ti kú kí n tó bí àkọ́bí! Mo ní wọ́n jáde.
"Ṣé wọ́n á pẹ́?"
Mo ní wọ́n lè pẹ́ díẹ̀.
Kò tíì sẹ́ni tó fura. Níta, ọ̀rọ̀ ṣì ń já geere lẹ́nu rẹ̀, torí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo máa ń dúró sí. Bí ìtàn bá ti fẹ́ já, màá wúkọ́, màá sọ ọ̀rọ̀ kan sí i létí, á gbá a mú. Télọ̀ iwájú ilé ti ra oògùn ikọ́ fún mi. Mo gbà á. Kí ni kí n wí?

Ọjọ́ Àìkú, 8
A tún kó èrò lẹ́yìn láti ilé dé ilé. Ó sọ ìtàn dé òpin, kò ṣì í sọ. Wọ́n yí i ká, wọ́n tì mí sẹ́yìn. Gbogbo àdúgbò ló ni ọkọ mi. Ta ló ni mí?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10
Ọmọ wa obìnrin pè láti òkèèrè. Mo ti múra láti sọ fún un. Ó ní, "Màámi, ẹ gbé fóònù fún Bàámi ná." Ẹlẹ́nu-Dídùn ń pè é ní "ọmọ mi, ọmọ mi", kò dárúkọ. Inú ọmọ dùn: "Ara Bàámi mà le o!" Ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀nà ọ̀fun. Mo gbé e mì.

Ọjọ́ Ẹtì, 13
Onígbàjámọ̀ ní orí pèpéle ni Bàbá máa jókòó sí, èmi nísàlẹ̀. Mo ní mo fẹ́ jókòó tì í. Ó bú sẹ́rìn-ín: "Háà, Màmá! Ṣé ẹ ṣì ń jowú ni?"
Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 15
Èrò pọ̀ bí omi. Wọ́n gbé máìkì fún un. Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa — ọdún ọ̀dá, odò gbẹ, àwọn ọkùnrin ti wáṣẹ́ lọ, àwọn obìnrin gbé ọkọ́. "Wọ́n gbẹ́ ẹ… wọ́n gbẹ́ ẹ…"
Mo wúkọ́. Kò gbọ́. Ó ń wo òkè orí wa bí ẹni ń wá ọ̀nà ilé. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn.
N ò mọ ìgbà tí mo dìde. "Wọ́n gbẹ́ ẹ títí àtẹ́lẹwọ́ fi bó. Àwọn ọkọ wọn ránṣẹ́ pé kí wọ́n kó kúrò. Wọ́n ní àwọn ò lọ síbì kankan." Mo sọ ọ́ dópin, títí omi fi sun, títí arúgbó àárín wọn fi bu àkọ́bù, tó dà á padà sílẹ̀ fún ilẹ̀ tó gbà wọ́n.  Lẹ́yìn náà ni àtẹ́wọ́ bẹ́.
Onígbàjámọ̀ wá bá mi. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Màmá, ó ti pẹ́ tó báyìí?" Mo bú sẹ́kún. Ó di ọwọ́ mi mú.
A ti délé. Ẹlẹ́nu-Dídùn gbé àwo ìdánilọ́lá tí wọ́n fún un sórí itan, ó ń nù ún.
"Obìnrin tó sọ̀tàn yẹn mọ̀ ọ́n sọ o. Ṣé àdúgbò wa ló ń gbé?"
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.
"Ó lọ́kọ?"
Mo ní ó lọ́kọ.
"Ọkọ ẹ̀ mà ṣoríire o."