Ṣíbí Ni Mo Ní Kí Wọ́n Kà

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo tún ti dìde, mo lọ wo ẹnu ọ̀nà, mo padà wá jókòó. Àwọn ọmọ ń sun oorun ọ̀sán lórí ẹní, èmi ni ara mi ò balẹ̀. Láti Sátidé ni mo ti ń rìn káàkiri bí adìyẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí. Mo ní kí n kúkú kọ ọ́ sí yín kí n tó tún dìde.

Ẹ máa ń sọ pé iṣẹ́ kíkọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ní maternelle tí mò ń ṣe yìí, imú ọmọ ọlọ́mọ ni mò ń nù kiri. Ẹ ò purọ́. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, màdáàmù kan wá bá wa láti yunifásítì, ó ní àwa tí a ń kọ́ ọmọ kékeré náà lè ṣe ìwádìí. Kí kálukú mú ìbéèrè kan, kó wá ìdáhùn rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọmọ tirẹ̀. Èmi tí ìwé mi ò kọjá girama! Ó kù díẹ̀ kí n sọ pé inú ń run mí. Mo lọ ṣá.

Mo ní kí n wò ó bóyá àwọn ọmọ tó fẹ́ wọ CP1, kíláàsì kìn-ín-ní, mọ nǹkan kà. Mi ò fẹ́ fi igi ìṣeré dán wọn wò, mo fẹ́ ohun tí wọ́n mọ̀ nílé. Mo wá ń bi wọ́n ní Faransé pé ọmọ mélòó ló wà nílé wọn. Àwọn kan dáhùn kíá, òmíràn tiẹ̀ ka ọmọ ará ilé kejì mọ́ ọn. Àmọ́ àwọn ọmọ ará wa, àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí ìyá wọn ń tajà lọ́jà Adjamé, wọ́n dákẹ́ lọ gbári. Rùkáyà (ẹ̀yin nìkan ni mo lè dárúkọ rẹ̀ fún) ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Nígbà tí mo ní kó fi Yorùbá dáhùn, ó ní Ọlọ́run ló mọ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò mọ nǹkan kà. Directrice wa tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé rí i, ó ní gbogbo irú wọn máa tún ọdún kan ṣe ní maternelle.

Ìyá mi, ní Faransé, ẹnu mi ò mọ̀ pé èèwọ̀ ni kíka ọmọ.

Lọ́jọ́ kan mo lọ ra báàfù ní Adjamé, mo bá Rùkáyà nídìí ọjà ìyá rẹ̀. Ó ń to ife léra, ó ń kà á sókè, kò ṣì í. Mo kí ìyá rẹ̀, mo ṣèèṣì bi í pé àwọn ọmọ ti di mélòó báyìí. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Tàńtí, Ọlọ́run ló mọ iye wọn.”

Ohùn yín ni mo gbọ́. Mo rántí ọkùnrin tó wá ka èèyàn ní àgbàlá wa ní Boribana. Ẹ fún un ní àpótí, ẹ fún un lómi tútù, ẹ ò fún un ní iye kankan. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Báwo lẹ ṣe ń mọ̀ nígbà náà pé gbogbo wa ti wọlé? Ẹ máa ń pe orúkọ, ẹ ó sì gbé ṣíbí kan sórí àwo fún orúkọ kan. Ṣíbí tí kò bá rí ọwọ́ tó máa mú un, ẹ ó dìde, ẹ ó lọ sẹ́nu ọ̀nà.

Gbákà tí mo wọ̀ gbé mi kọjá ilé lọ́jọ́ yẹn. Mò ń rò ó pé kí n ya ìwé àkọ́kọ́ tí mo kọ èsì sí yẹn dànù, ta ni yóò mọ̀? Mo ti rò pé àwọn tó ń ṣe ìwádìí kì í ṣìnà. Mo sọ ọ́ fún màdáàmù, ojú ń tì mí.

“Àṣìṣe yẹn gan-an ni iṣẹ́ yín,” ó ní. “Ẹ má yọ ọ́ kúrò.”

Mo kó ṣíbí lọ sí kíláàsì. Mo ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbé ṣíbí sílẹ̀ fún gbogbo ẹni tó ń jẹun nílé wọn, kó wá ka ṣíbí. Rùkáyà ń jẹ orúkọ lẹ́nu wúyẹ́wúyẹ́, ó gbé wọn sílẹ̀, ó kà wọ́n já. Àwọn ọmọ ará wa yòókù náà kà á.

Ní Sátidé, níbi tí gbogbo wa ti jábọ̀ ìwádìí wa, ìbéèrè burúkú yẹn ni mo kọ́kọ́ sọ. Directrice nawọ́, ó bi mí pé irú àwọn ọmọ yẹn jẹ́ mélòó. Mo lanu, iye ò jáde. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Mo ki ọwọ́ bọ àpò tí mo kó ṣíbí sí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í to ṣíbí sórí tábìlì, mò ń pe orúkọ wọn nínú ọkàn mi, nítorí wọ́n ti kìlọ̀ fún wa pé orúkọ ọmọ kò gbọdọ̀ jáde. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín.

“Ẹ kà wọ́n,” ni mo sọ.

Directrice fúnra rẹ̀ ló dìde wá kà á. Wọ́n ń lọ sí CP1, gbogbo wọn.

Kí ló wá ń lé mi kiri? Ṣé mo ti gbé èèwọ̀ yín síta fún àlejò ni? Àbí inú yín dùn? Ṣíbí kan tún wà, èyí tí ẹ máa ń gbé sílẹ̀ láì pe orúkọ, tí ẹ ó sì tún rọra mú kúrò. Mi ò bi yín rí. Ti ta ni? Ọmọ mélòó gan-an lẹ bí, Ìyá mi?

Lánàá mo to ṣíbí fún àwọn ọmọ tèmi nílé. Gbogbo wọn mú tiwọn. Ọ̀kan ṣẹ́kù. Àṣé mo ti gbé tiyín sí i. Mo dìde, mo lọ sẹ́nu ọ̀nà.

Kí Ọlọ́run fi àlùjánnà kẹ́ yín.

Èmi ni, ọmọ yín tí ìdí rẹ̀ kì í gbélẹ̀, tó ṣì ń retí kí ẹ pe orúkọ òun.