Ẹja Tí Kò Jẹ Láfún

Bàbá mi tí mo fi imú jọ,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Inú ló ń bí mi tí mo fi jókòó kọ èyí. Bí mo bá ro ẹjọ́ yìí fún ẹlòmíràn ní Igbó-Ọrà, wọ́n á ní orí mi ti yí.

Lẹ́yìn tá a sin yín, n ò padà sí Èkó mọ́. Oúnjẹ ẹja ni mò ń ṣe. Àwọn olówó ń sin ẹja sínú àpótí gíláàsì ní pálọ̀ láti máa wò ó, àwọn kan nínú ẹja náà sì burú, ẹran nìkan ni wọ́n ń jẹ. Òkè òkun ni wọ́n ti ń ra oúnjẹ wọn. Kí ló wá ṣe ẹja wẹ́wẹ́ odò wa? Kí ló ṣe ekòló àti ìdin? Mo gbé ẹ̀rọ ìlọta sábẹ́ àtíbàbà tẹ́ ẹ ti ń ṣe láfún, mo bẹ̀rẹ̀.

Bàbá Kékeré, àbúrò yín, ò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Òórùn ìdin ń bí i nínú. Ó ti rí oníbúlọ́ọ̀kù tó fẹ́ háyà ibẹ̀, ó ní bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ tí n kò tíì rí oníbàárà, kí n kó ẹrù mi. Bẹ́ẹ̀, àtíbàbà yẹn nìkan ni nǹkan yín tó kù sí mi lọ́wọ́.

Oúnjẹ náà kọ̀, kò dì. Bó bá ti kan omi, á túká. Ni mo bá po láfún mọ́ ọn. Ta ló máa dàgbà sídìí ẹ̀gẹ́ ní Ìbàràpá tí kò ní ṣe bẹ́ẹ̀? Ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ pé kò sí ohun tí ẹ̀gẹ́ ò lè ṣe. Ó dì, ó ń dán. Mo gbé e lọ bá ọkùnrin kan tó ń ta ẹja gíláàsì n'Íbàdàn. Ojú mi báyìí ni ẹja rẹ̀ gbé e sẹ́nu, tó tu ú dànù. Òmíràn gbé e, òun náà tu ú. Ẹja lásán-làsàn fi láfún yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ọkùnrin náà ṣàánú mi, ó fún mi ní ọ̀kan kí n máa fi dán an wò nílé.

Ṣé ẹ rántí bẹ́ ẹ ṣe máa ń fi àtàǹpàkò ra láfún ní àtẹ́lẹwọ́, tẹ́ ẹ ó dijú kẹ́ ẹ tó mọ̀ bóyá ó ti gbẹ? Kí lẹ máa ń gbọ́ níbẹ̀? Kí ló dé tẹ́ ò kọ́ mi? Mo ń ra tèmi, n ò gbọ́ nǹkan kan.

Mo se ẹsẹ̀ màlúù títí omi rẹ̀ fi dì, mo fi rọ́pò láfún. Ó fọ́. Mo tún un ṣe, ó le bí òkúta. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Láàárọ̀ tí oníbúlọ́ọ̀kù wá fi okùn wọn ilẹ̀, mo fi ìbínú ju èyí tí mo ṣe gbẹ̀yìn sínú gíláàsì, mo fẹ́ lọ máa di ẹrù. Ẹja náà gbé e mì. Ó tún ń wá òmíràn kiri.

Mo fa Bàbá Kékeré lápá wọlé. Ó mú díẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó jù ú sí i, ẹja jẹ ẹ́. Ó tún jù ú. Ìgbà tí mo ní ó tó ló tó rántí oníbúlọ́ọ̀kù níta, ó sì ní kó ká okùn rẹ̀.

Ó yẹ kínú mi dùn. Kò dùn tó bẹ́ẹ̀, Bàbá. Bí àbúrò yín ṣe ń rẹ́rìn-ín sí ẹja yẹn, ibi tó dúró sí ni mò ń wò. Ẹ̀yin ló yẹ kẹ́ ẹ dúró níbẹ̀. Kí lẹ yára lọ ṣe?

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó ṣì ń bínú sí yín.