Ẹran Ara Mi Ti Dé Ìlú Yín

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ọlọ́run tó mọ ibi tí o sùn lánàá, tí èmi ò mọ̀, á máa bá mi ṣọ́ ọ níbẹ̀. Èmi náà wà, mo dúpẹ́, àfi ikọ́ yẹn tó ní òun ò ní kó ẹrù òun. Onígbàjámọ̀ ojúlé kejì ti bá àwọn ọmọ rẹ̀ lọ, ó wá ku èmi àti rédíò. Tó bá ní ẹ káàárọ̀, mo máa ń dá a lóhùn. Àga mẹ́fà tí mo kàn sí pálọ̀ ṣì wà, ẹyọ kan ni mò ń jókòó sí, mo sì ń nu márùn-ún yòókù ní àràárọ̀ torí àlejò.

Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ kí n kọ̀wé rèé, jọ̀ọ́ fara balẹ̀ kà á. Dókítà ní àrùn jẹjẹrẹ ló wọ ẹ̀dọ̀fóóró mi. Má pariwo, mo ti pariwo tèmi. Wọ́n ki abẹ́rẹ́ gígùn bọ ẹ̀gbẹ́ mi, wọ́n bu ẹran díẹ̀, kò tó èékánná ọmọ ọwọ́, wọ́n fi sínú ìgò, wọ́n gbé e lọ sílé àyẹ̀wò ní ìlú ńlá tí o wà yẹn. Mo ní ta ló bá a lọ, nọ́ọ̀sì ní awakọ̀ ni. Háà! Ara mi ni wọ́n fi rán awakọ̀.

Àmì kan ni wọ́n ń wá lára ẹran yẹn. Dókítà ní Ọlọ́run fi ọmọ ogun sínú ara olúkúlùkù, ṣùgbọ́n àrùn yìí gbọ́n, ó wọ aṣọ onílé, làwọn ọmọ ogun bá ń kí i káàbọ̀. Oògùn kan wà tó ń bọ́ aṣọ náà lára rẹ̀. Tí àmì aṣọ yẹn bá pọ̀ lára ẹran náà, ó ṣeé ṣe kí oògùn náà jẹ́. Tí kò bá sí, wọ́n á wá ọ̀nà mìíràn. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, mi ò gba òdo rí nílé ìwé. Ó tún ní àpá máa ń pọ̀ lára àrùn ẹni tó mu sìgá, àwọn ọmọ ogun sì lè tètè dá a mọ̀. Mo ní ṣé sìgá tí ìyá rẹ bá mi jà lé lórí títí ọlọ́jọ́ fi dé ló wá fẹ́ gbà mí? Dókítà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní sìgá yẹn náà ló kó àrùn ọ̀hún bá mi.

Fọ́ọ̀mù kan bá ìgò náà lọ. Wọ́n bi mí pé ta ni mò ń bá gbé, mo kọ orúkọ rẹ. Nọ́ọ̀sì ní ọmọ náà dà? Mo ní ó jáde ni. Ó di ọdún mẹ́fà tí o ti jáde, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù ò bèèrè ìyẹn.

Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀, lọ bá mi kí ẹran ara mi yẹn. Má tẹ̀ ẹ́ láago o, ojú lọ̀rọ̀ wà. Kò mọ ẹnì kankan níbẹ̀, inú omi ìgò yẹn ni wọ́n sì rì í sí, o mọ̀ pé bàbá rẹ ò mọ odò wẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà lè gbàgbé àmì ara rẹ̀, àmọ́ tó bá gbọ́ ohùn rẹ, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, á fi hàn wọ́n. Orúkọ rẹ wà lórí fọ́ọ̀mù, wọn ò ní lé ọ. Tí wọ́n bá ní kí o san owó ilé tó ń gbé, bá mi san án, kí o fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí èmi náà fún owó ọkọ̀ ọsibítù. Tí kò bá tó méjèèjì, tiẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ san.

Má dúró lẹ́nu ọ̀nà kí o yà padà bí o ti ṣe lọ́jọ́ ìsìnkú ìyá rẹ. Jókòó tì í díẹ̀. Inú mi tiẹ̀ dùn sí i, ọmọ mi, torí nínú gbogbo ara mi, òun nìkan ló tíì sún mọ́ ọ láti ọjọ́ yẹn.

Wàá dàgbà, wàá darúgbó, ọmọ rẹ á máa jókòó tì ọ́. O ò ní nu àga fún ẹni tí kò wá.

Èmi ni,
Bàbá rẹ, Káfíńtà.