Bọ́tìnnì Dúdú Keje

Màámi àtàtà,

Èmi àkọ́bí yín ni mò ń kọ èyí. Ẹ ò mọ̀wé kà nígbà tí ẹ wà láyé, n ò sì mọ ẹni tí yóò kà á fún yín níbi tí ẹ wà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé sọ fún Bàámi, mi ò sì lè gbé e sínú mọ́.

Ìlú Bouaké ṣì wà bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ ṣì ń dá ọkọ̀ dúró ní bàráàjì ojú ọ̀nà, báńkì ò tíì ṣí. Ìlẹ̀kùn irin ṣọ́ọ̀bù òwú àti bọ́tìnnì yín ní àdúgbò Commerce ti dípẹtà. Láràárọ̀ ni Bàámi ń lọ jókòó síwájú rẹ̀ bí ẹni pé oníbàárà ń bọ̀. Àbẹ̀kẹ́ ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Àwọn obìnrin tó dúró tì yín lọ́jọ́ tí ẹ bí i sọ pé ẹ lajú lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó lọ. Ṣé ẹ rí i?

Agolo wàrà tí ẹ ń kó bọ́tìnnì oṣù yín sí wà lọ́wọ́ mi. Dúdú méje, funfun mọ́kànlélógún ló yẹ kó wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ tí nǹkan oṣù mi kọ́kọ́ dé ni ẹ pè mí wọ yàrá, ẹ dà á sórí ẹní, ẹ sì kọ́ mi bí ìyá yín ṣe kọ́ yín. Láti ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá ti dé, kí n máa yọ ẹyọ kan lójúmọ́. Ọjọ́ dúdú méje, ẹ̀jẹ̀ ti ṣí ẹnu ilé ọmọ sílẹ̀, kí ọkùnrin má ṣe sún mọ́ mi. Tó bá ti kan funfun, ẹnu rẹ̀ ti pa dé, kò séwu mọ́. Kí ẹ tó bọ́jú láàárọ̀ ni a máa ń gbọ́ agolo yẹn tí ń dún wọ́ọ̀rọ̀wọ́ọ̀rọ̀. Ọjọ́ tó bá kan funfun, ẹ ó máa kọrin bí ẹ ṣe ń gbálẹ̀, Bàámi náà á sì tètè dé láti ọjà. Ẹ rò pé àwa ọmọ ò mọ̀.

Màámi, èmi ni mo mú bọ́tìnnì dúdú tó sọnù yẹn. Ìbọn ti lé gbogbo ènìyàn kúrò ní Commerce, ṣọ́ọ̀bù wà ní títì, àwọn olùkọ́ tó yọ̀ǹda ara wọn sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí ilé ìwé padà. Bọ́tìnnì síkẹ́ẹ̀tì búlúù mi ti já, mo sì fẹ́ múra dáadáa. Mo mú dúdú kan nínú agolo yín, mo fi rán an. Ẹ̀yin kì í kà wọ́n mọ́, ẹ kàn ń mú dúdú títí yóò fi tán. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ẹ̀jẹ̀ yín ò dé. Ẹ da gbogbo rẹ̀ sórí ẹní, ẹ kà á lẹ́ẹ̀mẹta, dúdú mẹ́fà ni. Ẹ bi wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo wo ojú yín, mo ní n ò rí i. Ẹ ní, “Ó dáa, bóyá eku ló gbé e.”

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì ni yín. Ẹ ti ń sọ fún gbogbo àdúgbò pé lẹ́yìn ọmọ karùn-ún, ẹ ti ti ṣọ́ọ̀bù ọmọ bíbí pa. Ọ̀sán gangan ni ọmọ mú yín. Wọ́n dá takisí wa dúró ní bàráàjì, wọ́n tú ẹrù ọmọ yẹ̀wò lọ́kọ̀ọ̀kan, títí dé fìlà kékeré tí ẹ fọwọ́ ara yín hun. Nígbà tí a ó fi dé ilé ìwòsàn, kò sí dókítà, gbogbo wọn ti sá lọ sí gúúsù. Ẹ̀jẹ̀ yín ò dá. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé èmi ni mo pa yín, nítorí bọ́tìnnì kan.

Ní báyìí mo ti ní ẹni tí mò ń fẹ́. Làmídì lorúkọ rẹ̀, alùpùpù mọ́bílẹ́ẹ̀tì ló ń tún ṣe ní àdúgbò Belleville, ọwọ́ rẹ̀ kì í mọ́ ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ mọ́. Agolo yín ni mò ń lò. Dúdú mẹ́fà ló kù, mo ń fi ẹnu ka ìkeje kún un. Ọjọ́ funfun nìkan ni mo ń gbà fún un. Síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ mi ò dé lóṣù tó kọjá. Ó pé ọjọ́ kan, ó pé márùn-ún, ó pé méjìlá. Kì í ṣe ìtìjú ni mo bẹ̀rù, Màámi. Ikú ni. Mo ń wo Àbẹ̀kẹ́ tó ń jẹun, mo ń rò ó pé ta ni yóò tọ́ tèmi.

Mo gbé agolo náà lọ bá agbẹ̀bí kan, ìyá àgbà ẹ̀yà Baoulé tí kò bá àwọn yòókù sá. Ó yẹ ìtọ̀ mi wò, ó ní òun ò rí oyún, ṣùgbọ́n kí n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan kí ó lè dájú. Lẹ́yìn náà ló ní kí n ṣàlàyé agolo.

“Ta ló kọ́ ẹ ní ìṣirò yìí, Anango?” Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣì ń pe gbogbo àwa Yorùbá níbí.

“Màámi ni.”

“Ìyá ẹ wá ńkọ́?”

Mo ti agolo náà sọ́dọ̀ rẹ̀. Kò bi mí mọ́. Ó to bọ́tìnnì sórí tábìlì, dúdú síwájú, funfun tẹ̀lé e. Ìka rẹ̀ kọjá gbogbo dúdú, ó kọjá funfun bíi méjì, ó wá rọra yí funfun bíi mẹ́jọ tó tẹ̀lé e ká. Ó ní ibẹ̀ ni ewu pọ̀ sí jù. Ẹyin obìnrin sábà máa ń jáde ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ̀jẹ̀ mìíràn tó dé, àtọ̀ ọkùnrin sì lè wà láàyè nínú wa fún ọjọ́ márùn-ún, kó máa dúró dè é. Ó ní àwọn dúdú yẹn gan-an ni ewu kéré sí jù. Àìsàn, ebi, àti ìpayà lè sún ọjọ́ síwájú tàbí sẹ́yìn, nítorí náà kò sí bọ́tìnnì kankan tí ènìyàn lè fi búra. Ó ní ká ní mo tètè wá láàárín ọjọ́ márùn-ún tí mo bá ọkùnrin sùn, oògùn kan wà tí òun ìbá fún mi kí n má bàa lóyún.

Mo gbé orí lé tábìlì rẹ̀, mo sunkún. Kì í ṣe bọ́tìnnì tí mo mú. Kì í ṣe èmi. Lẹ́yìn náà ni inú bí mi. Kí ló dé tí ẹnì kankan ò sọ fún yín? Ó lè jẹ́ pé ọjọ́ funfun ni ẹ fi lóyún gbogbo wa, láti orí èmi títí dé Àbẹ̀kẹ́. Ẹ máa ń sọ pé ẹ fẹ́ wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé òótọ́ ni?

Nígbà tí mo padà lọ, kò sí oyún. Ọjọ́ kejì ni ẹ̀jẹ̀ dé. Ó ní ìpayà àti àìjẹun tó ló dá a dúró. Mo ti gba abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta tí kì í jẹ́ kí obìnrin lóyún. Làmídì ní ó ń sọ obìnrin di àgàn, mo ní kó lọ bá agbẹ̀bí jiyàn. Kò lọ.

Lónìí mo já bọ́tìnnì yín kúrò lára síkẹ́ẹ̀tì mi, mo sọ ọ́ padà sínú agolo. Ó pé méje. Mo sì gbé agolo náà fún Àbẹ̀kẹ́ kó fi ṣeré. Ó ti tẹ́ ọjà sí àgbàlá, ó ń tà á bí ẹ ṣe máa ń tà á. N ò ní kọ́ ọ bí ẹ ṣe kọ́ mi. Tó bá dàgbà, èmi àti ẹ̀ la jọ máa lọ bá agbẹ̀bí.

Tó bá bi mí bí òun ṣe dé ayé, n ò ní sọ pé ìṣirò ló ṣì. Mo máa sọ fún un pé ẹ lajú lẹ́ẹ̀kan, ojú rẹ̀ ni ẹ sì wò. N ò mọ̀ bóyá irọ́ ni. Tó bá jẹ́ irọ́, ìkejì tí mo máa pa lórí ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì yìí nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, Màámi, ẹ bá mi gbè é.

Èmi ni,
eku yín tó gbé bọ́tìnnì, tó sì nífẹ̀ẹ́ yín dé ilé.